Ìdérí Tí Ẹnikẹ́ni Kò Pa Dé

Mo rántí bí ó ṣe máa ń gbóná. Tí èèyàn bá gbé láptọ́ọ̀pù yẹn lé itan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á dìde fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Àlòkù ni. Mo rà á nígbà tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tí mo padà sílé àwọn òbí mi ní Festac pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí kan, àpótí aṣọ méjì, àti ìdánilójú pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Mi ò tíì ríṣẹ́. Ohun tí mo ní ni àkókò, mo sì ní in lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹni tó bá ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, tí kò sì ní ọ̀gá tó ń ṣọ́ ọ, kò sí ohun tí kò lè tú palẹ̀.

Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà. Wọ́n ti lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún nínú ọ́fíìsì, iṣẹ́ náà sì tẹ̀lé wọn délé. Fáìlì wà fún gbogbo nǹkan nílé wa. Fìríìjì ní fáìlì, jẹnẹrétọ̀ ní fáìlì, èmi náà ní fáìlì tèmi, láti orí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára títí dé orí lẹ́tà tí iléèwé kọ nígbà tí mo fọ́ fèrèsé. Bí nǹkan bá bàjẹ́, bàbá mi kì í bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni ohun tó wà nínú fáìlì. Lójú tiwọn, ohun tó bá wà ní àkọsílẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, ohun tí kò bá sí ní àkọsílẹ̀, ẹjọ́ ẹnu lásán ni. Mò ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wa ti wá.

Lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ àwọn onílé ní kúlóòsì wa, ìyẹn òpópónà kékeré tiwa tí kò já síbì kankan, ní kí bàbá mi kọ ìtàn kúlóòsì náà, láti ọjọ́ tí ìdílé àkọ́kọ́ ti kó ẹrù wọlé. Wọ́n á kà á níbi ìpàdé ìparí ọdún. Inú bàbá mi dùn débi pé wọ́n ra fáìlì tuntun lọ́jọ́ náà gan-an. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó tún gbé iṣẹ́ kankan lé wọn lọ́wọ́ tó jẹ mọ́ ìwé kíkọ. Nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́, bíírò ni wọ́n fi ń kọ̀wé, ẹlòmíràn ló máa ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ní báyìí, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn làwọn máa tẹ̀ ẹ́, lórí láptọ́ọ̀pù mi.

Kí n tó gbé e fún wọn, mo ti yọ ètò tó ń darí rẹ̀ kúrò, mo sì ti fi Linux sí i. Ọ̀fẹ́ ni Linux. Ẹnikẹ́ni lè gbà á, ẹnikẹ́ni sì lè tú inú rẹ̀ wò kó sì tún un ṣe bó ṣe wù ú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n ni, mo sì ń wàásù rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹsẹ̀ dúró. Mo wàásù rẹ̀ fún ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo wàásù rẹ̀ fún ọkùnrin tó wá ka mítà iná, ó sì ní kí n jọ̀ọ́ bá òun ṣí géètì. Bàbá mi nìkan ló gbọ́ ìwàásù náà délẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ta ló ni ín?"

"Kò sẹ́ni tó ni ín, Dádì. Gbogbo wa la ni ín."

"Tó bá bàjẹ́ ńkọ́, ta la máa kọ̀wé sí?"

Mo ní gbogbo ayé la máa kọ̀wé sí, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á dá wa lóhùn. Bàbá mi yíjú sí ìyá mi. "Bí bọ́ọ̀hóòlù kúlóòsì wa náà ni," wọ́n ní. "Gbogbo wa la ni ín. Ọdún kejì rè é tí kò tíì yọ omi." Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú ikùn mi. Mo ní àgbà ni wọ́n, wọn ò lè mọ̀.

Ìṣòro àkọ́kọ́ kò pẹ́ yọjú. Iná máa ń lọ ládùúgbò wa nígbà tó bá wù ú, ìka méjì péré sì ni bàbá mi fi ń tẹ̀wé. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju pé kí àwọn lè pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé bí iná bá lọ tàbí bí àsìkò ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì bá tó, kó sùn, kó má kú, kí àwọn sì bá gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn níbi tí àwọn fi í sí nígbà tí àwọn bá tún ṣí i. Ọmọ kékeré mọ irú oorun bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù mi kò mọ̀ ọ́n mọ́ látìgbà tí mo ti fi Linux sí i. Bí a bá pa á dé, kò ní sùn. Á jókòó sínú òkùnkùn tirẹ̀, á máa gbóná, á máa jẹ bátìrì, títí yóò fi kú pátápátá tòun ti ìwé tí wọ́n ń kọ. Odidi ojú ìwé kan nípa ìdílé àkọ́kọ́ ló bá a lọ. Bàbá mi tún un kọ, ó sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi wá oorun fún un. Mo ka ohun tí àwọn àjèjì kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibi tí wọ́n ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ láti ọdún pípẹ́. Ẹnì kan á ní kí n yí ìlà kan báyìí padà, ẹlòmíràn á sì wá sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá yí ìlà yẹn padà ti ba ayé ara rẹ̀ jẹ́. Mo yí i padà. Lọ́jọ́ kan, ó sùn, ó sì kọ̀ láti jí títí mo fi tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ pa á. Lọ́jọ́ kejì, ó jí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú síbẹ̀, orin ìsìn tí mo ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ sì ń jáde wá láti inú òkùnkùn náà. Ìyá mi ní kí n pa á kíákíá, kó tó kan ohun mìíràn tó máa sọ. Ó di ọjọ́ kẹjọ kí ó tó gbọ́ràn. Mo pa á dé, iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́jú, mo ṣí i, gbogbo ọ̀rọ̀ pé. Mo pe ilé jọ wá wò ó. Mo pa á dé, mo ṣí i, mo pa á dé, mo ṣí i, títí ìyá mi fi ní ó ti tó, kí n jẹ́ kí nǹkan ọlọ́nǹkan sinmi. Bí mo ṣe ń rìn káàkiri ilé lọ́jọ́ náà, ẹ ó rò pé èmi ni mo dá oorun sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, bàbá mi pè mí láti pálọ̀. Wọ́n ní láptọ́ọ̀pù ti sùn mọ́ àwọn lọ́wọ́, níbi tí àwọn ti ń tẹ̀wé. Mo dé ibẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì, ó jí. Mo jókòó tì í, mo tẹ nǹkan lórí rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, kò sì tòògbé rárá.

"Dádì, ẹ ti tẹ nǹkan ni."

"Mi ò tẹ nǹkan kan."

"Ẹ tẹ nǹkan, Dádì. Ẹ kàn ò mọ̀ ni."

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti sọ gbólóhùn yẹn tó ìgbà ogún. Bí wọ́n bá jókòó, á sùn. Bí mo bá jókòó, á lajú sílẹ̀ kedere. Wọ́n yí àga padà, ó sùn. Wọ́n gbé e lọ sórí tábìlì ìjẹun, ó sùn. Ìyá mi ní bóyá ìtàn kúlóòsì ló ń kùn ún lóorun, bàbá mi kò sì rẹ́rìn-ín. Èmi ní tèmi ti dájọ́ tán. Mo mọ ẹni tí ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀rí nìkan ló kù kí n wá.

Ẹ̀rí náà kò ṣòro rí. Linux kì í ṣe nǹkan kan kó má kọ ọ́ sílẹ̀, tòun ti wákàtí àti ìṣẹ́jú. Mo ṣí àkọsílẹ̀ náà, mo sì bá a níbẹ̀: ìdérí ti pa dé, ìdérí ti ṣí, ìdérí ti pa dé, ìdérí ti ṣí. Ìgbà mọ́kànlá láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo gbé e lọ síwájú bàbá mi. Mo fi ohùn dókítà bá wọn sọ̀rọ̀, irú ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

"Dádì, ẹ wò ó. Ẹ̀yin lẹ̀ ń pa á dé. Ó wà ní àkọsílẹ̀."

Wọ́n fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n kà á tán. Wọ́n bèèrè bóyá ẹnì kan lè fọwọ́ kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síbẹ̀. Mo ní rárá, ẹ̀rọ náà ló ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀.

"Tó bá ti wà ní àkọsílẹ̀, a jẹ́ pé mo ṣe é," wọ́n ní. "Mo pa á dé, mo sì gbàgbé."

Mo rò pé mo ti borí. Mo gbé láptọ́ọ̀pù mi, mo ń súfèé lọ sí yàrá. Mi ò tiẹ̀ wo ojú wọn, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ìyá mi ló wá bá mi ní kíṣìnnì lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì rán mi létí ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ọkùnrin, kí wọ́n tó kú, ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ wọn. Bàbá mi ló ń tọ́jú wọn nígbà náà, àwọn ló sì máa ń dáhùn nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn bá bèèrè lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Mo mọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn rárá nígbà tí mo gbé àkọsílẹ̀ náà síwájú bàbá mi. "Dádì ẹ ní kí n máa ṣọ́ àwọn," ìyá mi ní. "Wọ́n ní kí n sọ fún àwọn tí mo bá ti rí i pé àwọn ń gbàgbé nǹkan. Wọ́n ti ṣí fáìlì fún un."

Mo yọ́ lọ wo fáìlì náà. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà pé Ìgbàgbé. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ bó ṣe ń lọ: aago méje àárọ̀, mo mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Aago mẹ́jọ, mo ṣì mọ̀ ọ́n. Aago mẹ́sàn-án, mo jẹ iṣu àti ẹyin, mo rántí. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó jọ pé mo pa láptọ́ọ̀pù dé, n kò rántí. Ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ pa mí, àfi bí ẹ̀rín náà ṣe kú mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n ti dá ìtàn kúlóòsì dúró. Ìyá mi ní wọ́n ti pinnu pé ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, àwọn máa lọ bá alága ẹgbẹ́ onílé, àwọn á ní kó gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tí orí rẹ̀ ṣì pé. Ọjọ́ Ẹtì la wà yẹn.

Èmi náà ń kérora lọ́jọ́ náà, nítorí ọrùn ọwọ́ ń dùn mí láti ara ìwé ìwáṣẹ́ tí mò ń tẹ̀. Ìyá mi bá lọ mú ẹ̀gbà-ọwọ́ dúdú kan wá. Ọwọ́ bàbá mi ló ti wà látọjọ́ mélòó kan. Ìyá mi rà á fún wọn ní ọjà Agboju, nígbà tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n láti ara ìwé títẹ̀, lọ́wọ́ Alhaja tó ń ta ìrẹsì àti mílíìkì, tó sì ń ta oríṣiríṣi oògùn ara ríro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alhaja ní ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń fa ìrora kúrò ní oríkèé. Bàbá mi kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ bọ́ ohun tí ìyá mi bá fi sí wọn lọ́wọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ara ibi tó wà bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn, ìyá mi bọ́ ọ, wọ́n fi àdí pa ibẹ̀. "Ìwọ fi sọ́wọ́," ìyá mi ní. "Mi ò ní ju nǹkan tí mo fowó rà nù."

Mo fi sọ́wọ́ òsì, mo padà sídìí láptọ́ọ̀pù mi ní pálọ̀. Bàbá mi jókòó lẹ́yìn mi, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Mo kọ ìlà kan, mo gbé ọwọ́ lé igun láptọ́ọ̀pù kí n ronú, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Mo jí i. Mo kọ ọ̀rọ̀ méjì, ó tún sùn. Mo jí i, mo fìbínú tẹ ẹ́, ó sùn lẹ́ẹ̀kẹta.

"Kí lo tẹ̀?" bàbá mi bèèrè. Wọn ò gbé ojú kúrò lórí ìwé ìròyìn.

"Mi ò tẹ nǹkan kan, Dádì."

"O tẹ nǹkan. O kàn ò mọ̀ ni."

Ó bí mi nínú débi pé ojú mi gbóná. Mo mọ̀ pé mi ò tẹ nǹkan kan, mo lè búra. Mo lọ ṣí àkọsílẹ̀ láti já a nírọ́, ó sì wà níbẹ̀: ìdérí ti pa dé, lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdérí náà rè é lójú mi ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo nawọ́ sí tíì mi kí n mu ún, ni ṣíbí bá fò kúrò nínú àwo, ó sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbà Alhaja. Mo jókòó, mo ń wo ṣíbí náà.

Láptọ́ọ̀pù kò ní ojú tó fi ń wo ìdérí ara rẹ̀. Òòfà kékeré kan ló wà nínú ìdérí náà, irin tó ń fa irin, ohun kan sì wà nísàlẹ̀, lápá òsì, tó máa ń mọ̀ ọ́n lára bí òòfà náà bá ti sún mọ́ ọn. Bó bá ti mọ òòfà lára, ó ti gbà pé ìdérí ti pa dé nìyẹn. Òòfà ló sì kún inú ẹ̀gbà Alhaja fọ́fọ́. Gbogbo ìgbà tí bàbá mi bá gbé ọwọ́ òsì lé igun yẹn, láptọ́ọ̀pù á ní wọ́n ti pa òun dé, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì sùn. Nígbà tí mi ò tíì tún un ṣe, kò bìkítà fún ìdérí, wọn ì bá fi gbogbo òòfà Agboju sọ́wọ́ kó má ṣe nǹkan kan. Èmi tí mo kọ́ ọ lóorun ni mo kọ́ ọ pé kó máa sùn mọ́ bàbá mi lọ́wọ́.

Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn tòun ti ṣíbí tó so mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi han wọ́n. Mo gbé ẹ̀gbà sún mọ́ ọn, ó sùn. Mo gbé e kúrò, mo jí i. Wọ́n gba ẹ̀gbà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣe é fúnra wọn, wọ́n tún ṣe é, ó sì pọ̀ ju iye ìgbà tí mo ṣí i tí mo pa á dé lọ́jọ́ tí mo ń yangàn. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gbé ìwé kan lé mi lọ́wọ́. Kúẹ́rì ni, irú èyí tí wọ́n máa ń fún òṣìṣẹ́ tó bá ṣàṣìṣe. Ó ní mo fẹ̀sùn kan àgbà òṣìṣẹ́ kan pé ó ń pa ìdérí dé, pé ìwádìí ti fi hàn pé kò pa á dé, àti pé kí n kọ àlàyé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ìdí tí wọn kò fi ní bá mi wí.

Mo rẹ́rìn-ín, àwọn kò rẹ́rìn-ín. Mo jókòó kọ èsì. Ojú ìwé méjì ni, òòfà ló kún inú rẹ̀, mo sì ya àwòrán sí i. Wọ́n dá a padà, wọ́n fi bíírò pupa kọ ọ́ sí i lára pé kò dáhùn ìbéèrè. Mo wá rí i pé wọn ò bi mí léèrè nípa òòfà. Mo kọ èkejì, kò gùn. Mo ní ẹ sọ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹ ò pa á dé, mi ò sì gbà yín gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo gba ẹ̀rọ gbọ́, mo sì jẹ́ kí ẹ̀yin náà gbà á gbọ́. Mo dẹ́rù bà yín nínú ilé yín. Ẹ má bínú, Dádì.

Wọ́n kà á lórí ìdúró. Wọ́n yọ bíírò, wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé àlàyé tẹ́ àwọn lọ́rùn, kí wọ́n fi í sí fáìlì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fọwọ́ kàn mí lórí, wọ́n bèèrè bóyá tíì ṣì wà nínú fúláásìkì.

Wọn ò lọ bá alága lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá mi kò gbà kí ẹ̀gbà náà ṣòfò, nítorí náà ọrùn ẹsẹ̀ ni bàbá mi wá ń so ó mọ́, lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀, títí wọ́n fi parí ìtàn náà. Wọ́n kà á níbi ìpàdé ìparí ọdún. Bọ́ọ̀hóòlù nìkan gba ìdajì rẹ̀. Bàbá àgbà kan dìde láti ta ko ojú ìwé tó sọ ẹni tó kọ́kọ́ kun géètì rẹ̀, bàbá mi sì sọ fún un pẹ̀lú ayọ̀ pé kó kọ ọ́ wá.

Ó ti pẹ́ tí láptọ́ọ̀pù yẹn ti kú, kò sì sí ohun tó tún lè jí i. Mo ti ríṣẹ́, ní Amuwo níbí, títún kọ̀ǹpútà ṣe náà ni. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún mi pé òun kò tẹ nǹkan kan, mo máa ń kọ́kọ́ gbà á gbọ́, kí n tó wo ohunkóhun. Bàbá mi ti darúgbó. Wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan báyìí lóòótọ́, mi ò lè fi ìyẹn pa mọ́. Wọ́n lè bi mí ní ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí oúnjẹ àárọ̀ tó tán. Nígbà tí mo bá lọ kí wọn, wọ́n sábà máa ń ní àwọn ń gbọ́ omi tó ń ṣòfò ní kíṣìnnì. Èmi kì í gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí ẹ̀rọ omi ń kán lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé gbígbẹ ni mo máa ń bá a. Mi ò tíì sọ fún wọn rí pé kò sí omi kankan níbẹ̀ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ dìde lọ wò ó.